Ó yege Faransé ní yunifásítì, àmọ́ kò já geere lẹ́nu rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti dé ọdún kẹta, máàkì gírámà mi sì dáa. Kí ló dé tí mo ṣì ń kólòlò bí mo bá fẹ́ sọ Faransé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wákàtí. Ní yunifásítì Nàìjíríà, yúníìtì kan jẹ́ wákàtí 15 nínú kíláàsì ní sáà kan. Kọ́ọ̀sì ọ̀rọ̀ sísọ tó ní yúníìtì 3 jẹ́ wákàtí 45. Bí ẹ bá tó 40 nínú kíláàsì, tí olùkọ́ ò tiẹ̀ la ẹnu rárá, ìṣẹ́jú 67 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní odindi sáà. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. FSI, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè, ya nǹkan bíi wákàtí 600 sí 750 sọ́tọ̀ fún Faransé, fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Orí yín pé. Wákàtí ni kò tó. Ẹ ní láti fọwọ́ ara yín wá èyí tó kù.

Mo lè kà á, àmọ́ bí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò, n kì í mú nǹkan kan níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. "Je ne sais pas", ìyẹn "mi ò mọ̀", máa ń di "chais pas" lẹ́nu wọn. "Il n'y a pas", ìyẹn "kò sí", a di "y a pas". Ojú yín ti mọ gbólóhùn gígùn yẹn, etí yín ò tíì pàdé kúkúrú rẹ̀ rí.

Rédíò RFI ní ètò ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní Journal en français facile. Ìṣẹ́jú 10 ni, wọ́n sì máa ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má mú gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré ti tó. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìwo àkọsílẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ àfọ́kù ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí àkọsílẹ̀, kí ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí ibi tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Níkẹyìn, ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú oníròyìn náà títí ohùn yín àti tirẹ̀ á fi máa lọ pọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìyẹn ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, torí ojú á ti sọ ìtumọ̀ fún etí tán, etí á sì jókòó.

Ìró wo ló ń dá ọmọ Yorùbá láàmú jù?

Èyí tí wọn kì í sábà kìlọ̀ rẹ̀ fún wa ni "an" àti "on". Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "an" inú "ọ̀kan" àti "ọn" inú "ìbọn", ìró kan náà ni. Lẹ́tà ló yàtọ̀. Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀. "Cent" ni ọgọ́rùn-ún. "Sont" ni "jẹ́" tàbí "wà" fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹnu wa máa ń pe méjèèjì bákan náà, etí wa náà sì ń gbọ́ wọn bákan náà. Ẹ gbé dígí síwájú. Fún "sont", ètè gbọ́dọ̀ ká roboto, kí ihò rẹ̀ kéré. Fún "cent", ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀, kí ẹnu là. Bí ètè bá dúró sójú kan náà fún méjèèjì, kò tíì yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni "u". "Dessus" ni orí nǹkan, "dessous" ni abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní "dẹsu", ẹni tí ẹ ní kó gbé ẹrù sórí tábìlì lè gbé e sábẹ́ rẹ̀. Ẹ pe "i" wa, ẹ jẹ́ kí ahọ́n dúró síbẹ̀, kí ẹ wá su ètè jọ bí ẹni fẹ́ pe "u" láìgbé ahọ́n kúrò. Ohun tó bá jáde ni "u" Faransé.

Ẹ ṣọ́ra fún "z" náà, tí a kò ní. "Ils ont" ni "wọ́n ní", "ils sont" ni "wọ́n jẹ́". Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín: bó bá jẹ́ "ils ont", ọ̀fun gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n láìdáwọ́ dúró.

Àwọn ibòmíràn wà tí Yorùbá ti bá wa ṣe iṣẹ́ ìdajì. "É" wọn ni "e" wa, "è" wọn ni "ẹ" wa. "Quatre-vingts" tó jẹ́ 80, ogún mẹ́rin ni, bí ọgọ́rin wa gan-an. "Vous" ni "ẹ", yálà fún àgbà tàbí fún èèyàn púpọ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ Faransé a máa pe bàbá rẹ̀ ní "tu", ìyẹn "ìwọ", àrífín kọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ akọ àtèyí tó jẹ́ abo?

Ẹ má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kankan pẹ̀lú "le" tàbí "la", tó dà bíi "the" Gẹ̀ẹ́sì. "Un" (fún akọ) àti "une" (fún abo) ni kí ẹ lò, nítorí "l'école" àti "l'arbre" ti fi akọ àti abo pamọ́, àmọ́ "une école" àti "un arbre" sọ ọ́ síta. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń ranni lọ́wọ́: -tion, -té àti -ette sábà máa ń jẹ́ abo; -age, -ment àti -eau sábà máa ń jẹ́ akọ. Ṣùgbọ́n "plage", "image", "page", "eau" àti "peau", abo ni wọ́n. "Été" àti "côté", akọ ni.

Ní ti "son" àti "sa", ìyẹn "rẹ̀" fún ọ̀rọ̀ akọ àti fún ọ̀rọ̀ abo, ẹ má gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹni tó ni nǹkan, Faransé ń wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ "son mère" nígbà tó bá ń ronú nípa ọmọkùnrin. "Ìyá rẹ̀" lédè wa kò sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. "Sa mère" náà kò sọ ọ́.

Ṣé dandan ni kí n lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́?

Lílọ dára, àmọ́ ibi tí ẹ ó máa gbé ṣe pàtàkì ju ìlú lọ. Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, l'Àgbádárìgì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè gbé inú èdè náà láìkúrò nílé. Àwọn mìíràn ń lọ sí Kútọnu tàbí Lòmé. Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ rọrùn láti rí: ọmọ Nàìjíríà mẹ́fà gba yàrá kan, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tún máa bá Yorùbá pàdé ní ọjà. Ní Kútọnu, Fọ̀n ni ọjà ń sọ jù. Ní Lòmé, Ewé àti Mínà. Faransé wà ní iléèwé, báńkì, ilé ìtajà oògùn àti ọ́fíìsì ìjọba.

Nítorí náà, ẹ gba yàrá lọ́dọ̀ ìdílé onílùú tó ní ọmọ iléèwé, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi Faransé kọ́, bíi kọ̀ǹpútà tàbí aṣọ rírán. Nínájà lọ́jà nìkan kò tó. Gbólóhùn mẹ́wàá kan náà ni ẹ ó máa sọ lójoojúmọ́.

Ìpele wo ni kí n ṣe nínú DELF, ìdánwò tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí Faransé, kí sì ni wọ́n ń wò níbẹ̀?

Ìpele B2 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Faransé ń béèrè. Ìgbọ́, ìkàwé, ìkọ̀wé àti ọ̀rọ̀ sísọ ni, 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní láti gba 50 nínú 100, bí ẹ bá sì gba ohun tó kéré sí 5 nínú ẹyọ kan, ẹ ti kùnà, bó ti wù kí àpapọ̀ pọ̀ tó. Ìwé ẹ̀rí DELF kì í kú. Ti TCF, ìdánwò Faransé mìíràn, ń kú lẹ́yìn ọdún méjì.

Fún ìkọ̀wé, wákàtí kan ni fún àròkọ alárìíyànjiyàn tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 to èrò yín, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 5 tó gbẹ̀yìn wo akọ àti abo nìkan. Fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ ní ìṣẹ́jú 30 láti múra sílẹ̀, lẹ́yìn náà nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 níwájú àwọn olùdánwò. Ẹ má kọ odindi gbólóhùn sínú ìwé ìmúrasílẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti tó, torí ẹni tó bá ń ka ìwé kì í rí èsì mú jáde nígbà tí olùdánwò bá ta kò ó, wọn á sì ta kò ó.