Ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: bí iṣẹ́ àwa tí à ń ya ẹ́síréè àti MRI ṣe dáyé

Ìbéèrè kan wà tí kò sí aláìsàn tí kì í bi wá, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn lèèyàn ti ń ṣiṣẹ́ o, ìbáà jẹ́ London. Ẹ bá a ya àwòrán tán, ẹ ń bá a sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, á wá rọra wo ojú yín bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, kí lẹ rí?" Mi ò kì í ṣe dókítà. Mo sì lè ti rí nǹkan lóòótọ́, torí ẹni tó bá ń wo inú orí èèyàn lójoojúmọ́ á mọ èyí tí kò dáa, àmọ́ ohun kan náà ni màá sọ, "Dókítà yín á pè yín, mà." Ohun tó dí wa lẹ́nu bẹ́ẹ̀ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé e láti ibi ọwọ́ ìyàwó Röntgen.

Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni, ìlú Würzburg ní Jámánì. Wilhelm Conrad Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, ń tan iná mànàmáná sínú túùbù gíláàsì kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Ó ti fi páálí dúdú bo túùbù yẹn pátápátá, yàrá ṣókùnkùn birimù, ló bá rí i tí pátákó kékeré kan tó fi kẹ́míkà kùn, tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ń tàn. Iná kankan ò sì lè jáde nínú páálí yẹn o. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ibẹ̀ ló ń jẹ ibẹ̀ ló ń sùn, àfìgbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kejìlá tó pe Bertha ìyàwó ẹ̀ wọlé, ó ní kó gbé ọwọ́ lé gíláàsì fọ́tò kó má mira, ó tó bíi ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà, eegun ọwọ́ ìyàwó ló jáde, òrùka ìgbéyàwó wá dúdú kirimù lára ìka tí kò lẹ́ran mọ́. Wọ́n ní obìnrin yẹn wò ó, ó ní òun ti rí ikú òun. Mi ò bá a wí, láyé ìgbà yẹn ẹni tó bá ti kú tó ti jẹrà nìkan ni wọ́n ń rí eegun ẹ̀.

Röntgen ò mọ irú ìtànṣán tó jẹ́, ó kàn pè é ní X, bí wọ́n ṣe máa ń fi X sípò nọ́ńbà tí wọn ò tíì mọ̀ nínú ìṣirò. Orúkọ yẹn náà ló mọ́ ọn lára títí dòní. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel físíìsì ní 1901, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á, àmọ́ ohun tó ṣe tó bí iṣẹ́ tiwa gan-an ni pé kò gba pátẹ́ǹtì. Kò sọ ọ́ di tòun nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí túùbù, tó rí iná, lè ṣe tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ọdún 1896 tó parí, ẹ̀rọ yìí ti wà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nílé ìwòsàn o, níbi ìpàtẹ o, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n lè wo eegun ọwọ́ ara wọn.

Ta ló wá ń lò ó? Púpọ̀ nínú àwọn dókítà ò mọ nǹkan kan nípa iná. Àwọn fọ́tógíráfà ló ń lò ó, àwọn oníṣẹ́ iná, àwọn tó ń po òògùn, àwọn nọ́ọ̀sì, nígbà míì ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kiri ni wọ́n á ní kó wá tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ torí kò síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Túùbù ìgbà yẹn sì níwà bí ọmọ àbíkú, bó ṣe ṣe lánàá kọ́ ló máa ṣe lónìí, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀ ń yí padà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí wọ́n tó ya aláìsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò bóyá ó lágbára tó. Kí ni wọ́n fi ń dán an wò? Ọwọ́ ara wọn. Láràárọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á tan túùbù, á na ọwọ́ síwájú pátákó tó ń tàn, bí eegun bá ti hàn dáadáa, á ní ó ti ṣe é lò. Nígbà míì ó lè tó ìgbà mélòó kan lójúmọ́.

Ara kọ́kọ́ pọ́n. Wọ́n rò pé oòrùn ni. Èékánná wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, egbò tí kì í jinná yọ, ó di jẹjẹrẹ. Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní New Jersey, tó mọ gíláàsì fẹ́, òun ló ń bá ọ̀gá ẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò. Bí ọwọ́ kan ṣe ń bàjẹ́ ló ń fi èkejì ṣe é. Wọ́n gé apá ẹ̀ méjèèjì, ó sì kú náà ni ní 1904, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ẹ̀rù ba Edison débi tó fi pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ́síréè tì. Ní San Francisco náà, Elizabeth Fleischman, obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ ìwé owó tẹ́lẹ̀, lọ kọ́ ẹ̀rọ náà, ó mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ṣọ́jà tí ọta ìbọn wà lára wọn láti ojú ogun ni wọ́n ń gbé wá bá a. Wọ́n gé apá tiẹ̀ náà, ó kú ní 1905. Ní 1936 wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní ọgbà ilé ìwòsàn St. Georg ní Hamburg, orúkọ èèyàn 169 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i, dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn ò tiẹ̀ tíì lórúkọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì tún ń kọ kún un lẹ́yìn náà.

Èmi tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnì", tí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yìí mi ò kì í dáhùn.

Ohun tó gba àwọn tó kù sílẹ̀ ni túùbù tuntun tí William Coolidge ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1913. Tìyẹn ò gbára lé afẹ́fẹ́ inú túùbù, wáyà gbígbóná ni, bí wọ́n bá ṣe sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lánàá bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe lónìí, kò sídìí tí wọ́n á fi máa na ọwọ́ sí i mọ́. Ọdún kejì ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, Marie Curie sì kó ẹ̀rọ ẹ́síréè sínú mọ́tò, ó ń gbé e lọ bá àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn náà ni wọ́n fi ń fa iná (ẹni tó bá ti fi jẹnẹrétọ̀ ya ẹ́síréè rí nílé wa á rẹ́rìn-ín). Òun àti Irène ọmọ ẹ̀ kọ́ obìnrin tó tó 150 níṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ jókòó kọ́ èrò púpọ̀ níṣẹ́ yìí bí iṣẹ́.

Ogun parí, ó kù kí iṣẹ́ lórúkọ. Ní 1920 wọ́n dá Society of Radiographers, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya ẹ́síréè, sílẹ̀ ní London, ọdún yẹn kan náà ni Ed Jerman kó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jọ ní Chicago, nígbà tó sì di 1922 wọ́n ti ń ṣe ìdánwò fún wọn ní Amẹ́ríkà, sístà ìjọ Àgùdà kan, Sister Beatrice Merrigan, ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ibí yìí wá ni ìjà ti dé. Àwọn tó ń ya àwòrán ti ń sọ ohun tí wọ́n rí látẹ̀yìnwá, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ? Àwọn dókítà ní rárá, ẹni tí kò kàwé ìṣègùn ò gbọdọ̀ sọ àìsàn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá àárín àwọn ọdún 1920, àwọn èèyàn wa ló gbà lẹ́yìn, torí tí dókítà ò bá fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn, ta ló máa gbà wọ́n síṣẹ́? Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á máa ya àwòrán, àwọn ò ní máa sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Òun lẹ fi ń gbọ́ "dókítà yín á pè yín". Àwọn èèyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba díẹ̀ padà o, láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn kan nínú wọn ti ń kàwé lé e tí wọ́n sì ń kọ ìròyìn àwòrán fúnra wọn. Ní Nàìjíríà, 1987 ni òfin tó dá Radiographers Registration Board, àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀, jáde, ìjà kí lẹ lè sọ kí lẹ ò lè sọ yẹn ṣì ń lọ níbẹ̀ dáadáa, mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́ lónìí.

Ó ku MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì àti rédíò ya àwòrán inú ara, tó jẹ́ ibi tí mo ti ń jẹun. Ẹ́síréè kankan ò sí nínú tìyẹn. Ẹni tó bá ta òkòtó rí ní kékeré á mọ bó ṣe máa ń ṣe tó bá kù díẹ̀ kó ṣubú, á máa mi orí yípo yípo. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, hydrogen wà nínú omi, ẹyọ hydrogen kọ̀ọ̀kan sì dà bí òkòtó. Tí ẹ bá gbé e sínú mágínẹ́ẹ̀tì Tesla 1.5, tí agbára ẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 èyí tó ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, òkòtó yẹn á máa mi orí ní bíi mílíọ̀nù 64 ìgbà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Kò jìnnà sí ibi tí rédíò FM wà. Ẹ fi rédíò pè é, á dáhùn, ohùn tó fi dáhùn yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán. Ìdí nìyí tí ògiri yàrá wa fi ní bàbà nínú, tẹ́nì kan ò bá ti ilẹ̀kùn dáadáa, rédíò ìta á wọlé, ilà á fà gbọọrọ gba orí àwòrán kọjá.

Felix Bloch àti Edward Purcell ti rí ìdáhùn òkòtó yìí láti 1946, ṣùgbọ́n inú ìgò kékeré ni. Ní 1973 Paul Lauterbur fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ ọ́ di àwòrán hàn, túùbù omi méjì ló fi ṣe é. Ìgbà tó di ara èèyàn, kí lẹ rò pé Peter Mansfield àti Andrew Maudsley kọ́kọ́ yà ní Nottingham ní 1977? Ìka ọwọ́. Ìka Maudsley fúnra ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn èèyàn yìí ò tíì kọ́gbọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà ní New York, Raymond Damadian wọ inú ẹ̀rọ tiẹ̀, kò rí ìdáhùn kankan, wọ́n ní ó sanra jù. Ó ku Larry Minkoff, stúdẹ́ǹtì ẹ̀ tó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò tètè gbà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí kò sóhun tó ṣe ọ̀gá ẹ̀ kó tó wọlé, ọjọ́ 3 oṣù keje, wọ́n wé páálí tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ sí i láyà, ó jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, àwòrán àyà kan péré ló jáde. Mansfield náà wọ tiẹ̀ ní 1978, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ọkàn ẹ̀ lè dáwọ́ dúró o. Ìgbà tí wọ́n fún Lauterbur àti Mansfield ní Nobel ní 2003 tí wọ́n yọ Damadian sílẹ̀, ó ra odindi ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn láti fi bínú.

Nígbà tí ẹ̀rọ yìí wọ ilé ìwòsàn láwọn ọdún 1980, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ núkílíà kúrò lára orúkọ ẹ̀ kó má baà dẹ́rù bani, wọ́n sì gbé e fún àwa tí a ti ń ya ẹ́síréè. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ìwà ẹ́síréè la gbé wọnú ẹ̀. Ẹ́síréè, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnì ó parí. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í sùn. Lóru, lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí ẹ pa kọ̀ǹpútà, ó wà níbẹ̀, hẹ́líọ̀mù tó tutù tó -269°C ló ń gbé e ró. Ní 2001 ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n gbé sílíńdà ọ́síjìn onírin wọ yàrá, mágínẹ́ẹ̀tì já a gbà, ó gbá ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀rọ, ọmọ yẹn kú. Ọdún kejì ni àwọn dókítà ẹ́síréè Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde tó pín àyíká ẹ̀rọ sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ó fi jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀kánkán ilẹ̀kùn a ti bi í ní ìbéèrè.

Ìbéèrè yẹn gan-an niṣẹ́. Nígbà tí mo wà nílé, bàbá kan wá, mo ní ṣé kò sí irin lára yín, wọ́n ní rárá. Mo ní ẹ ò ṣe iṣẹ́ abẹ rí, rárá. Nǹkan kan kàn ní kí n wo ọwọ́ wọn, mo rí àpá, mo ní bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ọdẹ. Ṣé ìbọn ò bà yín rí? "Ha, tọdún yẹn, ó ti jinná!" A gbé wọn lọ sí ẹ́síréè, ọta wínníwínní kún ẹ̀yìn ojú wọn lápá òsì. Irin lára yín kọ́ ni bàbá ń gbọ́, wọ́n rò pé mo ń béèrè ìgbàdí.

Ní báyìí, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé láràárọ̀, èmi náà ń dán ẹ̀rọ wò. Ike róbótó kan ni, omi oníyọ̀ ló kún inú ẹ̀, ó wúwo díẹ̀, a máa ń tọ́jú ẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé e sáàárín kọ́ìlì orí, ibi tí orí aláìsàn máa ń wà, mo tì í wọlé, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn.