Ìtì Omi: Ohun Tó Ń Ti Páìpù Láti Inú

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bí mi nínú láàárín àwa tí à ń fi iṣẹ́ omi jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni “prẹ́ṣọ̀”. Omi ń yọ tín-ín-rín nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G: pulọ́ńbà dé, ó ṣí ẹ̀rọ omi wò, ó ní prẹ́ṣọ̀ ò sí. Páìpù bẹ́ ní Adéníkẹ̀ẹ́: prẹ́ṣọ̀ ti pọ̀ jù. Ìdọ̀tí dí ẹnu ẹ̀rọ ní Sábó: prẹ́ṣọ̀ náà ló tún jẹ̀bi. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, orúkọ kan ṣoṣo. Onílé á wá lọ fi owó gidi ra táńkì tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nígbà tó jẹ́ pé kí a tú ẹnu ẹ̀rọ kí a fọ̀ ọ́ ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ìtì omi ni èmi ń pè é, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa máa pè é bẹ́ẹ̀. Tì la sọ di ìtì, tì tí à ń lò nígbà tí a bá ń ti mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ohun tí omi ń ṣe nínú páìpù gan-an nìyẹn. Ó ń ti ara páìpù láti inú, ó ń ti ojú ibi tí a ti so páìpù méjì pọ̀, ó ń ti rọ́bà inú ẹ̀rọ omi, tọ̀sán-tòru, ìbáà máa ṣàn, ìbáà dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn kan ní “ìfúnpá omi” ló dáa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò ni wọ́n ti mú un, níbi tí ìfúnpá ti jẹ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n nígbà tó bá wé nǹkan mọ́ wa lápá. Ó bá a mu níbẹ̀, torí apá ni wọ́n fún lóòótọ́. Apá wo wá ni omi ní? Fífún sì ń ti ìta wá sí inú, ti omi ń ti inú lọ sí ìta. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá fi “ìfúnpá” kọ́ á máa wá ohun tó ń fún páìpù, kò sì sí ohun tó ń fún un.

“Agbára omi” ni ti àwọn mìíràn. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wò ó bí ẹnìkejì kò ní kà á sí àgbàrá òjò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi tó ń yí ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná ní Kàìnjì ni agbára omi yẹ, omi tó ń lọ, tó ń ṣiṣẹ́. Ìtì kò bèèrè pé kí omi lọ síbì kankan. “Ipá” ló sún mọ́ ọn jù, mi ò sì bá ẹni tó ń lò ó jà. Àmọ́ àwọn olùkọ́ físíìsì ti fún ipá níṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí n fi ìwọ̀n fífẹ̀ pín in kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí omi ti ń jò kò nílò ìpínyà yẹn, mo fò ó.

Wọ́n ti bá mi jiyàn lórí ìtì náà. Wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó gbọ́ “ìtì omi” tí yóò máa wá igi kiri. Àtakò kejì ló lágbára: wọ́n ní tì náà là ń lò fún kí a ti ilẹ̀kùn, kí a ti ẹ̀rọ omi pa, pé ẹni tó gbọ́ “ìtì” lè rò pé pípa omi ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn! Ìgbà tí ẹ bá ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé pa ni omi ń ti páìpù jù. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ, omi rí ọ̀nà lọ, ara á tu páìpù, ìtì á sì rọlẹ̀. Bí ẹ bá tì í pa, ìtì á padà sí góńgó. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé méjèèjì, méjèèjì sì jọ ń ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí sì ń bímọ: òṣùwọ̀n ìtì ni aago kékeré tí à ń dè mọ́ páìpù láti kà á, adín-ìtì-kù ni irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi “prẹ́ṣọ̀” ṣe irú rẹ̀ kí a gbọ́.

Kí ló wá ń fa ìtì? Ẹ wo àpò láfún tí wọ́n tò léra nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó jókòó lé e lórí nìkan ló ń rù. Bí wọ́n bá tò ọ̀wọ́ 50 mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ṣọ́ọ̀bù fi kún, ẹrù ọrùn tirẹ̀ kò fi nǹkan kan lé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpò kan péré lé e lórí, yóò mọ̀ ọ́n lára. Omi tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá táńkì yín gba lítà 500 tàbí lítà 5,000. Gíga omi tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Mítà 10 tí omi bá fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, bar 1 ni ìtì tí ó ń fún wa, ìyẹn nǹkan bíi PSI 14 (bar àti PSI ni orúkọ ìwọ̀n tí a fi ń ka ìtì). Ẹ wá fi wo ilé wa. Táńkì wà lórí irin tó ga ní mítà 6, ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ sì fi mítà 1 kúrò nílẹ̀. Mítà 5 ló kù, PSI 7 nìyẹn. Ẹ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tí ẹnu ẹ̀rọ ìwẹ̀ ti ga ní mítà 4: mítà 2 ló kù, kò tó PSI 3. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń já geere nísàlẹ̀, tí ẹni tó wà lókè sì ń fi ike wẹ̀. Kí ẹ pààrọ̀ táńkì sí ńlá kò ní tún un ṣe. Kí ẹ gbé e ga sí i ló lè tún un ṣe, tàbí kí ẹ de maṣíìnì tó ń ti omi mọ́ ọn. Páìpù fífẹ̀ náà kì í fi kún ìtì. Ìṣàn ló ń mú rọrùn, torí pé páìpù tóóró àti àwọn ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ̀ máa ń jẹ lára ìtì bí omi bá ti ń lọ. Bí a bá ti ohun gbogbo pa, tóóró àti fífẹ̀ dọ́gba.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìṣòro tó kọjú sí tiwa. Ìtì omi nínú ilé wọn sábà máa ń wà láàárín PSI 40 sí 80. Wọ́n wá ní ilé orí táyà, mọ́tò ńlá tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, tí wọ́n ń gbé rin ìrìn àjò. Ibi tí wọ́n bá sùn sí, wọ́n á fi okùn rọ́bà fa omi láti ẹnu ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lọ́hùn-ún pè mí: “Bàbá kékeré, omi ti tú sábẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́, prẹ́ṣọ̀ wọn ti pọ̀ jù.” Mo bi í bóyá ó de adín-ìtì-kù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kó tó so okùn. Kò dè é. Páìpù ilé orí táyà kò ní kó má mì bí ọkọ̀ bá ń lọ, mímì yìí sì máa ń tú ojú ìsopọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín ìtì kù sí nǹkan bíi PSI 40 sí 50 kí ó tó wọlé. 

Wíwá ibi tí omi ti ń jò ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí fi wúlò. Bí ìtì bá di ìlọ́po 4, omi tó ń gba ojú ihò kan jáde á di ìlọ́po 2. Ẹ rántí pé ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá wà ní títì ni ìtì ga jù: òru ni ilé ń jò jù, nígbà tí onílé ń sùn. Òru náà ni kí ẹ fi wá a.

Ẹ kún táńkì nírọ̀lẹ́, ẹ pa maṣíìnì kànga kí omi tuntun má wọlé, ẹ sọ fún àwọn ayálégbé kí wọ́n má fọwọ́ kan omi. Ẹ ki igi gbígbẹ bọ inú táńkì dé ìsàlẹ̀, ẹ fi àmì sí ibi tó tutù dé. Ní ìdájí, ẹ tún un kì. Nínú táńkì róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.1, sẹ̀ǹtímítà 1 tó bá fi lọ sílẹ̀ jẹ́ lítà 9 àti ààbọ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lóru ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ ti fáàfù ẹsẹ̀ táńkì pa, ìyẹn ohun tí à ń yí láti dá omi dúró nínú páìpù. Bó bá tún lọ sílẹ̀, táńkì fúnra rẹ̀ ló ń jò tàbí ibi tí wọ́n ti lu ú. Bí kò bá lọ, inú ilé ló wà.

Ẹ má tíì fọ́ ògiri. W.C. ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí pé omi rẹ̀ ń jò láìsí ariwo, kò sì ń tutù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ da ife zobo kan sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣàn án fún ààbọ̀ wákàtí. Bí omi inú àwo bá pọ́n, rọ́bà ìsàlẹ̀ táńkì yẹn ti jẹ. Mo ti rí ilé tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ káàkiri nítorí rọ́bà yìí, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ilé tó bá ń lo maṣíìnì tó ń tan ara rẹ̀ rọrùn ju èyí lọ, bákan náà ni ilé orí táyà. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa kí ẹ tẹ́tí. Bí maṣíìnì bá ń bú sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó dákẹ́, tó tún bú, ìtì ń sá lọ síbì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pulọ́ńbà ti ń ṣìnà. Ó lè jẹ́ pé omi kò jò síta rárá, pé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn ló ti bàjẹ́, tí omi ń padà sínú táńkì tàbí kànga. Ẹ ti fáàfù tó tẹ̀lé maṣíìnì náà pa. Bó bá ṣì ń bú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bó bá dákẹ́, ilé ló ń jò. Nínú ilé orí táyà, àmì mìíràn tún wà: tí okùn ìta bá wà lára ọkọ̀ tí táńkì inú rẹ̀ sì ń dédé kún, fáàfù yìí náà ni.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa ti àwọn fáàfù inú ilé pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ òkè, ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá tì tí jíjò dáwọ́ dúró, ọ̀nà ibẹ̀ ni kí ẹ tọ̀. Ẹ nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan gbẹ, ẹ wé bébà ìnura mọ́ ọn, ẹ padà wá wò ó. Bí ẹ bá gé ibi tó jò tí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù tuntun, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí fáàfù ẹsẹ̀ táńkì, kí ẹ sì rọra ṣí i.