Ìlà tó dán kọ́ ni ìlà tó tọ́

Kí wọ́n tó yin ìtànṣán sí jẹjẹrẹ, wọ́n á fa ìlà yí gbogbo ẹ̀yà ara tí kò gbọ́dọ̀ fara gbá a, lórí àwòrán sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara. Àwòrán náà dà bí iṣu tí wọ́n gé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ: abala kan nípọn tó mìlímítà 3, ó sì ní àmì tíntìntín 512 lọ́nà 512. Fún orí àti ọrùn, ọwọ́ èèyàn a máa pẹ́ ní wákàtí; ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà.

Wọ́n á wá ní kọ̀ǹpútà “rí” ẹ̀dọ̀. Rárá o. Nọ́ńbà ló ń fún àmì kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 1. Èyí tó bá kọjá 0.5 ti di ara ẹ̀dọ̀. Ìlà tí àwọn dókítà ti fà sẹ́yìn ló fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ wo ààlà oko ní Kétu. Níbi tí pèrègún wà, àlejò pàápàá kò ní ṣìnà. Eegun àti ẹ̀dọ̀fóró ni pèrègún inú sìkánà: ọ̀kan funfun, èkejì dúdú. Níbi tí pèrègún ti kú ńkọ́? Bàbá kan á ní ìdí ìrókò ni ààlà, aládùúgbò á ní ìdí ọ̀gán ni. Ọmọ tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tí wọ́n wá ní kó gbin tuntun, á gbìn ín sáàárín, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fọwọ́ sí, bóyá lórí ebè ẹni ẹlẹ́ni pàápàá. Bí ọ̀rọ̀ ìfun ìdí ṣe rí nìyẹn. Sìkánà kò fi ibi tó ti pàdé ìfun òkè rẹ̀ hàn. Dókítà kan a dúró nísàlẹ̀, òmíràn a gòkè sí i. Kọ̀ǹpútà a dúró sáàárín, ìlà rẹ̀ a sì dán bí ẹni pé kò sí iyàn rí.

Máàkì Dice ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn: 1 túmọ̀ sí pé ìlà kọ̀ǹpútà àti ti dókítà bára mu délẹ̀, 0 pé ibi tí wọ́n yí ká kò pàdé rárá. Máàkì yìí ń ṣojúsàájú ẹ̀yà ńlá. Ká ní ẹ̀dọ̀ rí roboto, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14: bí ìlà bá fi mìlímítà 2 yẹ̀, máàkì ṣì tó nǹkan bí 0.98. Kí ti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tó fẹ̀ tó mìlímítà 10, yẹ̀ bákan náà, ó já sí 0.75. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni wọn kì í fẹ́ kó gbà ju Gray (ìwọ̀n ìtànṣán) 45 sí 50 lọ, kí aláìsàn má bàa rọ lẹ́sẹ̀.

Irin inú eyín a máa da àwòrán rú. Aláìsàn tó dojú bolẹ̀ lè da kọ̀ǹpútà tó fi kìkì àwọn tó fẹ̀yìn lélẹ̀ kọ́ṣẹ́ láàmú, kó pe kíndìnrín òsì ní ọ̀tún.

Ẹni tó ń yẹ ìlà kọ̀ǹpútà wò a kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí jẹjẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mìlímítà kan ti ń yí nǹkan padà. Lẹ́yìn náà, a wo àwòrán láti ẹ̀gbẹ́: abala tí kọ̀ǹpútà fò, tàbí ìlà tó ń ṣe gánnagàna bí àtẹ̀gùn, kì í hàn béèyàn bá ń wo iṣu náà ní abala-abala.