Ọmọ Tó Wà Ní Yàrá Kejì Kò Sùn

Àwọn òbí kò yé mú ọmọ wá bá mi pé kí n bá wọn tún un ṣe. Kò gbọ́ràn mọ́, ó tún ti ń tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́, olùkọ́ sì ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bí mo bá wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín bàbá àti ìyá, gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́. "Ìyẹn kò kan ọmọ, Dókítà. Ó ti máa ń sùn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀."

Kò sùn. Ọmọ tó wà ní yàrá kejì mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lálẹ́ tí inú rẹ̀ dùn, ó sì mọ ìró rẹ̀ lálẹ́ tí ọwọ́ máa dìde. Ó mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń dún kí ìyá rẹ̀ tó kígbe. Èyí tó máa ń já a láyà jù ni ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀lé igbe náà, torí kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí à ń pè ní amygdala; ewu ló ń ṣọ́, kì í sì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ìrònú. Kíá ni ara á tú adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, síta, àyà á máa lù kìkì, oorun á dá lójú. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ara rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí à ń bẹ̀rù bá ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, ewu kì í kọjá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí àga bá ṣubú nínú kíláàsì, ọmọ yẹn á ti fò sókè kó tó mọ̀ pé àga ni. Olùkọ́ ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn ló ń ṣọ́. Àwọn mìíràn kì í fò, ńṣe ni ara wọn ń gan, wọn kò lè sá, wọn kò lè ké. Nítorí náà, ẹ yéé bi ẹni tí wọ́n fìyà jẹ pé kí ló dé tí kò pariwo.

Lọ́dún 1998, àwọn dókítà méjì, Vincent Felitti àti Robert Anda, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà léèrè ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Wọ́n ka lílu ìyá ọmọ mọ́ ìyà ọmọ, bí wọ́n ṣe ka lílu ọmọ fúnra rẹ̀. Bí irú ìyà téèyàn jẹ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí àmujù, ìgbìyànjú láti pa ara ẹni, títí kan àrùn ọkàn, ṣe ń pọ̀ sí i láàárín irú wọn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìyẹn kà.

Àwọn kan á wá ní ọmọ bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Rárá. Emmy Werner, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tọpa àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ẹrù wọn wúwo jù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló di àgbà tó dáńtọ́, tó sì láàánú. Ohun tó ń fara hàn nínú ìtàn wọn ni àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tó dúró tì wọ́n: ìyá àgbà, olùkọ́, aládùúgbò. Ẹ lè jẹ́ ẹni yẹn. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ẹni tó sọ pé ẹ̀mí àìrí ló wà lára ọmọ, tó ń fi ebi pa á, tó ń nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde, ìyà kún ìyà ló ń fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ díẹ̀ sọ ara wọn di agbaninímọ̀ràn. Ọ̀kan nínú wọn pe bàbá, ìyá àti ọmọbìnrin wọn jókòó sójú kan, ó ní kí ọmọ sọ ohun tó ń gbọ́ lóru, kí ọ̀rọ̀ lè tán síbẹ̀. Ọmọ sọ ọ́. Agbaninímọ̀ràn náà ní kí bàbá àti ìyá dì mọ́ra, ó gba owó rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, bàbá ṣẹ́ ìyá lápá. Nígbà tí wọ́n fi máa mú ọmọbìnrin náà dé ọ̀dọ̀ mi, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, torí ó gbà pé ẹnu òun ló ṣẹ́ apá ìyá òun.

Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì kì í gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń lù níwájú ẹni tó ń lù ú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń rí wọn. A ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ewu wà nílé lálẹ́ òní, bó bá sì wà, a ó wá ibi tí ìyá àti ọmọ máa sá sí, kí a tó sọ̀rọ̀ ìwòsàn rárá. Lẹ́yìn náà la ó kọ́ ọmọ bí yóò ṣe mú ara rẹ̀ rọ̀, kó tó máa sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òbí tí kò fìyà jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń gba àkókò.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń lù yín wá jókòó pọ̀, ẹ bi í bóyá yóò kọ́kọ́ rí ẹ̀yin nìkan. Bó bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ jáde.