General Studies kì í ṣe GST o

Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbì kan. Gbogbo ìgbà tí ọmọ ẹnì kan bá ti lóun ń ṣe General Studies ní yunifásítì kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ariwo á sọ nílé. Àwọn òbí tó kàwé ní Nàìjíríà, GST ni wọ́n gbọ́, àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe láfikún sí ohun tí wọ́n ń kà: Use of English, gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ débi pé ojú fèrèsé lèèyàn máa dúró sí. Ọdún mẹ́rin lórí GST kẹ̀? Àǹtí mi kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé wọ́n ń fún èèyàn ní dìgírì torí ó mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́mà sí ni.

Dìgírì ni o. 120 krẹ́díìtì ló sábà máa ń jẹ́, bíi ti ẹni tó ka History, kàn jẹ́ pé dípò kéèyàn rọ̀ mọ́ ẹ̀ka kan, á mú méjì tàbí mẹ́ta, á so wọ́n pọ̀. Àwọn tó ti kàwé díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó máa ń bá wọn lára mu torí krẹ́díìtì àtijọ́ wọn ò ní ṣòfò púpọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú gan-an ni "ṣé wọ́n ti accredit kọ́ọ̀sì yẹn?" Ìbéèrè Nàìjíríà nìyẹn. Nílé, NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, máa ń yẹ kọ́ọ̀sì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀sì kan fi lè yege ní yunifásítì kan kí èkejì má yege nínú ọgbà kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé lódindi ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Tí SACSCOC, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń ṣe é, bá ti fọwọ́ sí yunifásítì kan, ká ní ní Texas tàbí Georgia, General Studies ibẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì àti irú wọn ni wọ́n tún máa ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀, ABET ló ń ṣe ti ẹnjiníà. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé àṣẹ General Studies lọ́tọ̀, ẹ ò ní rí i, kì í ṣe pé wọ́n gbé e pamọ́, kò sí ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ èyí fún àǹtí yìí kan náà. Ìgbà karùn-ún, wọ́n ní àwọn á bi pásítọ̀ àwọn. Kò burú. Tí pásítọ̀ bá ní dátà, kí wọ́n tẹ orúkọ ilé-ìwé náà sínú DAPIP, àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú méjì ni.

Ṣé ó wúlò? Ó kù sọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ilé-ìwé lọ́ọ̀ ọ̀hún ò sọ pé kọ́ọ̀sì báyìí lẹ gbọ́dọ̀ kà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sáré di nọ́ọ̀sì náà lè fi dìgírì èyíkéyìí wọlé, tó bá sáà ti ṣe anatomy àti ìyókù tí wọ́n ní kó ṣe. Fún ẹni tó ní gírínkáàdì, mi ò rò pé ó burú, bóyá.

Ẹ̀yin F-1, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ni kẹ́ ẹ dúró gbọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi OPT, àṣẹ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣe gbọ́dọ̀ bá ohun tẹ́ ẹ kà mu, ẹ wá sọ iṣẹ́ tó bá "General" mu fún mi. Oṣù 12 ni OPT yẹn, oṣù 24 tí wọ́n ń fi kún un, ti àwọn STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹnjiníà àti ìṣirò) ni, General Studies ò sí níbẹ̀. H-1B, ìyẹn físà iṣẹ́, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ tó nílò ìmọ̀ ẹ̀ka kan pàtó ni wọ́n ń wá. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ I-20 yín, fọ́ọ̀mù tí ilé-ìwé fún yín láti fi gba físà, níbi tí wọ́n kọ Major 1 sí. Tẹ́ ẹ bá rí 24.0102 níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá General Studies mọ̀ nìyẹn, ẹ lọ bi ọ́fíìsì àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pé iṣẹ́ wo làwọn tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ rí fi OPT wọn ṣe, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.