Ta ló ń ba ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́?

Ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé lè ti ń mí dáadáa, kí ó ti máa gba oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí ọkàn ìyá rẹ̀ sì ti balẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní necrotizing enterocolitis, NEC ní kúkúrú, sábà máa ń yọjú. Ikùn ọmọ á wú, á máa bì òróòro, ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ya ikùn náà ní èksíréè, wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ tó há sínú ògiri ìfun. Kòkòrò àìrí, ìyẹn bakitéríà, ló mú afẹ́fẹ́ náà wá. Apá kan ìfun lè kú, kí ó sì lu, títí tí iṣẹ́ abẹ á fi di dandan. Nínú 100 ọmọ tó bá ní i, nǹkan bí 20 sí 30 ló ń kú.

Kòkòrò wo ló fa àrùn náà? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀daràn kan ṣoṣo, wọn ò rí i. Klebsiella ni wọ́n bá níbì kan, E. coli níbòmíràn, Clostridium lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, ẹranko tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan kò sí kì í ní irú àrùn yìí. Kòkòrò lọ́wọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́.

Gbogbo wa la ní bakitéríà nínú, ire ni púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe. Nínú ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé tó sì ń mu ọmú, Bifidobacterium ló sábà máa ń pọ̀ jù. Wàrà ìyá ní irú ṣúgà kan tí kò lè dà nínú ọmọ rárá. Oúnjẹ kòkòrò yẹn ni. (Ìyá ń bọ́ ọmọ, ó tún ń bọ́ àlejò inú ọmọ. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.) Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù keje oyún kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Inú àpótí ìmóoru ló ń gbé, rọ́bà ni oúnjẹ ń gbà wọ inú rẹ̀, oògùn apakòkòrò sì ti wọ ara rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kòkòrò ọsibítù ló ń tètè gba ibẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016 fi hàn pé ìran Gammaproteobacteria, tí E. coli àti Klebsiella wà lára wọn, ti ń pọ̀ sí i nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ kan kí NEC tó kọ lù wọ́n.

Ara ọmọ náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun tó ń jẹ́ TLR4, tó máa ń dá ìran kòkòrò yẹn mọ̀. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, TLR4 ń ran ìfun lọ́wọ́ láti dàgbà ni, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ gan-an lára ẹni tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bó bá wá pàdé kòkòrò lójijì, á dà bí ọlọ́dẹ tó ń yìnbọn sí ilé tó yẹ kó máa ṣọ́. Sẹ́ẹ̀lì ìfun á máa kú, òmíràn kò ní tètè rọ́pò rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, kòkòrò á sì gba ibi tó lu wọlé.

Oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1990, ìwádìí lórí 926 ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé NEC fi ìlọ́po 6 sí 10 pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu wàrà alágolo nìkan ju àwọn tó ń mu wàrà ọmú nìkan lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ da omi ọmú àkọ́kọ́ tó pupa rúsúrúsú yẹn nù.

Ṣé a ò kàn lè fún ọmọ ní bakitéríà rere lẹ́nu? Ní Ọsirélíà àti New Zealand, àdàpọ̀ oríṣi bakitéríà mẹ́ta kan dín NEC kù láti 4.4 sí 2.0 nínú 100 ọmọ, lọ́dún 2013. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2016, oríṣi mìíràn kò dín in kù. Nígbà tó di 2023, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn dókítà lẹ́yìn tí ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé kú: bakitéríà tí wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.