Lee Sang-hyeok (Faker)

Lee Sang-hyeok, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Faker, jẹ́ agbágéèmù ọmọ orílẹ̀-èdè Kòríà Gúúsù tó fi géèmù kọ̀ǹpútà League of Legends ṣe iṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ni wọ́n bí i ní ìlú Seoul. Láti ọdún 2013 tó ti wọṣẹ́, ikọ̀ kan ṣoṣo ló ti ń gbá géèmù fún: SK Telecom T1, tó yí orúkọ padà sí T1 lẹ́yìn ìdíje àgbáyé ọdún 2019. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, ní 2013, 2015, 2016, 2023, 2024 àti 2025. Kò sí ẹlòmíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, àlàfo ọdún méje tó wà láàárín ife kẹta àti ìkẹrin ló yẹ kó wò dáadáa.

Bí géèmù náà ṣe rí

Ikọ̀ méjì ló máa ń kojú ara wọn nínú League of Legends, ènìyàn márùn-ún sí márùn-ún. Kálukú á yan akọni kan nínú àwọn tó ju 160 lọ, akọni kọ̀ọ̀kan sì ní ọgbọ́n ìjà tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló la pápá já láti àgọ́ ikọ̀ kan dé ti èkejì, ikọ̀ tó bá sì kọ́kọ́ fọ́ òpó tó wà láàárín àgọ́ ọ̀tá ló borí. Ọ̀nà àárín ni ti Faker. Ibẹ̀ ló kúrú jù, ibẹ̀ náà ló sì sún mọ́ gbogbo igun pápá, nítorí náà ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò gbọdọ̀ tòògbé. Bó ṣe ń bá alátakò jà lójúkojú ni yóò máa ṣọ́ ọ̀tún àti òsì.

Ìbẹ̀rẹ̀

Bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Mapo ní Seoul ló ń lọ kó tó fi ìwé sílẹ̀ nítorí géèmù. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17 nígbà tó gbá eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ẹni tó sì bá níwájú rẹ̀ lọ́nà àárín ni Ambition, ọ̀kan lára àwọn àgbà tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ní Kòríà nígbà náà. Faker mú akọni tó ń jẹ́ Nidalee, òun nìkan ló sì pa akọni Ambition láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni eré tí àwọn ènìyàn ṣì ń wò títí dòní wáyé, ní àṣekágbá líìgì Kòríà pẹ̀lú KT Bullets. SK Telecom T1 ti pàdánù eré méjì àkọ́kọ́ kí wọ́n tó gba méjì padà. Nínú eré karùn-ún, ikọ̀ kan kò rí ohun tí èkejì yàn, ni Faker àti Ryu, alátakò rẹ̀, bá mú akọni kan náà, Zed, tó máa ń fi òjìji jà. Ẹ̀mí Faker kù díẹ̀ kó pin nígbà tí Ryu fò mọ́ ọn. Faker nu àmì ikú tí Ryu lẹ̀ mọ́ ọn lára kúrò, ó ń bọ́ láti òjìji kan sí òmíràn, kí olùwòran sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ryu ló ti kú. Ní oṣù Kẹwàá, ní Los Angeles, wọ́n na Royal Club ti Ṣáínà ní 3 sí 0, wọ́n sì di olúborí àgbáyé. Ikọ̀ náà kò rí àyè dé ìdíje àgbáyé ọdún 2014 rárá, àmọ́ wọ́n gba ife ní Berlin lọ́dún 2015, wọ́n tún gbà á ní Los Angeles lọ́dún 2016. Láti ìgbà yìí ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Àǹjọ̀nú Tí Kò Ṣe É Pa.

Ọdún méje

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ní pápá ìṣeré ńlá ti Beijing, ikọ̀ Samsung Galaxy na SK Telecom T1 ní 3 sí 0 ní àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Ambition wà nínú ikọ̀ tó borí lọ́jọ́ náà, ẹni tí Faker pa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ohun tó dí ọ̀nà mọ́ wọn nínú eré kẹta ni ọfà ìdè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ruler ta mọ́ Faker. Faker dorí kodò níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń sunkún.

Nǹkan kò tètè sàn. Lọ́dún 2018, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó láìgbá nínú àwọn eré kan, ikọ̀ náà kò sì dé ìdíje àgbáyé. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2020, ọdún kan náà tó di ọ̀kan lára àwọn tó ni T1. Ọ̀pọ̀ agbágéèmù ni ì bá ti fẹ̀yìn tì nírú àsìkò yìí, nítorí àwọn ọmọdé tí ọwọ́ wọn yá jù ú lọ ti pọ̀ nílẹ̀. Faker yí ọwọ́ padà ní tirẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ lépa kó dá pa alátakò mọ́. Ó di ẹni tó ń darí ìjà, tó ń sọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kọlu ọ̀tá, tó sì ń fi akọni tirẹ̀ rúbọ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè yè. Mo gbà pé ìyípadà yìí ṣòro ju ohun tó ṣe sí Ryu lọ. Lọ́dún 2022, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin, Zeus, Oner, Gumayusi àti Keria, kojú ikọ̀ mìíràn nígbà 18 nínú líìgì láìpàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ife líìgì Kòríà tí wọ́n gbà nígbà náà ni ìkẹwàá tirẹ̀. Síbẹ̀, ikọ̀ DRX fi 3 sí 2 gba ife àgbáyé mọ́ wọn lọ́wọ́ ní San Francisco.

Ọwọ́ tó ń dùn ún

Ní oṣù Keje ọdún 2023, apá ọ̀tún, apá tó fi ń di máòsì mú, bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé ó ní láti sinmi. Ìgbà mẹ́jọ ni T1 kojú ikọ̀ mìíràn láìsí i, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n borí níbẹ̀. Ó padà ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Kòríà gba góòlù League of Legends ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà ní Hangzhou. Chovy, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ Kòríà, ló gbá ọ̀nà àárín ní àṣekágbá, Faker kò sì gbá ju àwọn eré díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ, àmọ́ góòlù náà yọ gbogbo wọn nínú iṣẹ́ ológun nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ tí òfin Kòríà fi dandan lé fún ọkùnrin.

Ní oṣù Kọkànlá, ní Busan, ó tún bá Ruler pàdé, ẹni tó ti wà nínú ikọ̀ JDG ti Ṣáínà, tó gba gbogbo ife ńlá tó kọ́kọ́ wáyé lọ́dún náà. Nínú eré kẹta, Faker mú Azir, ó gun àwọn ọmọ ogun iyanrìn rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìn Ruler, ó sì fi ògiri ọmọ ogun tì í wá sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí ọfà Beijing. T1 borí ní 3 sí 1, wọ́n sì gba ife ní Seoul, ìlú tí wọ́n ti bí i, ní 3 sí 0 pẹ̀lú Weibo Gaming.

Lọ́dún 2024, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni League of Legends. Nínú àṣekágbá Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà, Bilibili Gaming ti ń fi 2 sí 1 ṣáájú. Faker mú Sylas fún eré kẹrin, ó mú Galio fún ìkarùn-ún, wọ́n borí méjèèjì, òun ni wọ́n sì yàn ní ẹni tó dára jù lọ́jọ́ náà. Lọ́dún 2025, ní Chengdu, wọ́n fi 3 sí 2 na KT Rolster, wọ́n sì di ikọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé ní ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra. Kó tó dìgbà náà ló ti tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun pẹ̀lú T1, tí yóò gbé e dé ọdún 2029. Ẹni ọdún 33 ni yóò jẹ́ nígbà náà.